Ojú Ewé Wo Ni Ẹ Kà Dé?

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ọ̀rọ̀ náà sì kan gbogbo wa: bí ó ti kan èmi tí mo ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó kan ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Ìjà ni mo bá wá, ṣùgbọ́n ìjà tí a fi ń tún ilé ṣe ni.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa kan, a ń sọ̀rọ̀ lórí àwọn ìwé ìtàn àròsọ tuntun tí ó ń jáde ní èdè Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní kò sí ìwé gidi mọ́. Ó ní Fágúnwà kú ní 1963, Fálétí lọ ní 2017, Ìṣọ̀lá tẹ̀lé e ní 2018, ilé sì ti di ahoro. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ilé, ọ̀rọ̀ náà ti ń gún mi bí ẹ̀gún. Mo bi ara mi léèrè pé, nínú gbogbo àwa tí a pàtẹ́wọ́ yìí, ta ni ó ti ka ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá mẹ́ta tí ó jáde láàárín ọdún márùn-ún yìí, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí kì í ṣe nítorí ìdánwò? N kò rí ẹni tí mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. N kò tilẹ̀ lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún ara mi. A ti dá ẹjọ́ fún ẹni tí a kò gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Kì í ṣe ìwé ni ó wọ́n wa. Òǹkàwé tí yóò ka ìwé tán, tí yóò sì sọ òtítọ́ ọkàn rẹ̀ ní gbangba, ni ó wọ́n wa. A máa ń ki ìwé bí a ti ń ki ọba, a kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò bá jà, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbèjà rẹ̀, òkú ni, ì báà jẹ́ ìlù àti ayọ̀ ni wọ́n fi kó o jáde.

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò dá aṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á kọ́kọ́ wò. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan tí ó jẹ́ tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ó bẹ̀ mí pé kí n wá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ ní ọjọ́ ìkójáde. Mo gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì mi. Ojú ewé 214 ni. Alẹ́ tí ilẹ̀ yóò mọ́ di ọjọ́ ìkójáde ni mo tó ṣí i, nígbà tí oorun sì gbé mi lọ, ojú ewé 60 ni mo wà.

Ní ọjọ́ kejì mo dìde, mo sì sọ̀rọ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Mo ní èdè rẹ̀ dùn bí oyin. Mo ní òwe kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Mo ní àṣà wa hàn nínú rẹ̀ kedere. Mo ní ìwà ìyá ni ọmọbìnrin inú ìtàn náà jogún. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ tán lẹ́nu mi, mo fi òǹkọ̀wé náà wé Fágúnwà. Onílù ki mí, mo sì nawọ́ sí i. Alága náwó, àwọn olówó mìíràn tẹ̀lé e; wọ́n ra ẹ̀dà kan ní iye tí ó lè ra ogún. Nígbà tí èrò túká, mo rí díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n fi owó ńlá rà náà lórí àga, níbi tí àwọn tí ó rà wọ́n gbàgbé wọn sí.

Ó tó oṣù kan kí obìnrin náà tó wá sí ọ́fíìsì mi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan kalẹ̀, ó dúpẹ́ gidigidi. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó lọ, ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Ojú ewé wo ni ẹ kà dé?"

Ara mi bù máṣọ. Mo bi í léèrè ìdí tí ó fi béèrè bẹ́ẹ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní ní orí kẹsàn-án ìwé náà ni àṣírí tú pé obìnrin tí mo pè ní ìyá ọmọ yẹn kọ́ ni ó bí i. Orí gbogbo ìtàn náà ni ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo sì dúró lójú èrò tí mo ní ìwà ìyá ni ọmọ jogún.

Mo fẹ́ purọ́, ṣùgbọ́n irọ́ náà há mi lọ́fun. Mo ní, "Ojú ewé 60 ni." Kò bínú. Ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òtítọ́, sà. Gbogbo ènìyàn ni ó ń sọ fún mi pé ìwé náà dára. Èmi fúnra mi mọ̀ pé orí kẹrin kò dára. Mo ti ń retí ẹnì kan ṣoṣo tí yóò sọ ohun tí ó ṣe é fún mi." Ó dìde, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti kọ ìwé kejì tán, ṣùgbọ́n inú àpótí ni ó kó o sí.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà, nítorí n kò dá nìkan wà nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwa tí a ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé Yorùbá fi ń pa ìwé tuntun.

Èkíní ni ìyìn ọjọ́ ìkójáde. Ìyìn ọjọ́ náà dà bí ìyìn ọjọ́ òkú: ẹnikẹ́ni kì í sọ àléébù. Ẹni tí wọ́n pè ṣe àyẹ̀wò ti mọ̀ pé ẹbí òǹkọ̀wé wà ní ìjókòó, pé oúnjẹ ti jinná, pé owó ni wọ́n ń wá. Bí ó bá sọ pé orí kan kò dára, wọn yóò ní ó ba ọjọ́ jẹ́. Nítorí náà a ń sọ ohun tí a lè sọ nípa ìwé èyíkéyìí láìṣí i: òwe pọ̀, èdè dùn, àṣà hàn. Ẹ wò ó, gbólóhùn tí ó bá bá gbogbo ìwé mu kò bá ọ̀kankan mu.

Èkejì ni ìdánwò. Ìgbìmọ̀ ìdánwò yan ìwé kan, ìwé náà là. Ó fi òmíràn sílẹ̀, èyí rọ̀ gbẹ. Lóòótọ́ owó ń wọlé fún òǹtẹ̀wé bí wọ́n bá yan ìwé rẹ̀, n kò sì bínú sí i. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń bi ọmọ léèrè? A ní kí ó sọ ìtàn ní ṣókí. Kí ó jíròrò lórí ìwà ẹ̀dá ìtàn kan. Kí ó dárúkọ àṣà Yorùbá márùn-ún tí ó jẹyọ. Kò sí ẹni tí ó bi í pé, "Ǹjẹ́ o gba ìtàn yìí gbọ́? Níbo ni ó ti sú ọ? Bí ìwọ bá ni òǹkọ̀wé, ǹjẹ́ ìwọ yóò jẹ́ kí ọmọ yẹn kú?" Ọmọ náà lọ ra ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n kó ìdáhùn jọ sí, ó yege, kò sì tún fọwọ́ kan ìtàn àròsọ Yorùbá mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń wọ yunifásítì, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń di olùkọ́.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá tí a fi ń wọn ìwé. Bí òǹkọ̀wé tuntun bá dé, a óò fà á lọ síbi Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, tí ó jáde ní 1938, a óò sì ní kò ga tó o. Mo bọ̀wọ̀ fún Fágúnwà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí àwọn tí a ń yìn lónìí ti ṣe é. Nígbà tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, kò wọ igbó irúnmọlẹ̀ kankan. Olè àti ọlọ́pàá ni ó kọ nípa wọn, ó gbé Lápàdé dìde, ó sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ ní ìgboro. Nígbà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde ní 1974, ọmọ yunifásítì ni ó kọ nípa rẹ̀, Àjàní àti àwọn ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́. Bí àwọn òǹkàwé ìgbà náà bá ti sọ pé àfi kí iwin wà nínú ìtàn kí ó tó jẹ́ ìtàn Yorùbá, ibo ni Òkédìjí ìbá wà? Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Kò sí ẹni tí ó ní kí ti ẹ̀yìn máa tẹ ojú ẹsẹ̀ ti iwájú.

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé báyìí ni ó ti ń rí láti àtètèkọ́ṣe, pé Yorùbá kì í bá òǹkọ̀wé jiyàn. Irọ́ ni. Ẹ padà sí Èkó ní 1929. I. B. Thomas, tí ó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́. Obìnrin náà ti gbó, àìsàn ti dé, ó sì ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ sí i. Àwọn òǹkàwé kò dúró de ìdánwò, wọn kò sì dúró de ọjọ́ ìkójáde. Wọ́n mú kálàmù, wọ́n kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà, ìwé ìròyìn náà sì ń tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan gbà pé ènìyàn gidi ni Sẹ̀gilọlá. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n sì ń retí lẹ́tà tí ó kàn. Ní 1930 ni ó di ìwé. Nínú ariwo òǹkàwé ni ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí ó gùn ní èdè wa ti dàgbà. Nígbà tí Karin Barber tún ìtàn náà tẹ̀ ní 2012, ó kó díẹ̀ nínú ohun tí àwọn òǹkàwé kọ mọ́ ọn, nítorí ó rí i pé ọ̀kan kò ṣeé yà kúrò lára èkejì.

Ẹ sì wo àwọn baba wa tí kò mọ ìwé rárá. Níbi tí àwọn ọdẹ bá ti ń sun ìjálá, bí ẹnì kan bá ṣi oríkì kì, ẹlòmíràn yóò gbà á lẹ́nu rẹ̀, yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀, yóò sì tún un ṣe lójú gbogbo èrò. Adébóyè Babalọlá kọ èyí sínú ìwé rẹ̀ lórí ìjálá ní 1966. Ẹni tí wọ́n tún ohùn rẹ̀ ṣe kò ní kí wọ́n má pe òun mọ́. Ilé ni ó lọ, ó sì tún ohùn ara rẹ̀ ṣe. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní àyẹ̀wò tí ó múná kì í ṣe àṣà wa, àṣà wo ni ó ń sọ?

Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn. Àwọn kan yóò wí pé òǹkàwé Yorùbá ti tán. Wọn kò tán. Láti ìgbà tí Alaroye ti padà dé ní 1996 ni àwọn ènìyàn tí kò ní ìdánwò kankan láti ṣe ti ń fi owó ara wọn ra ìwé ìròyìn Yorùbá. Láti 2018 ni BBC ti ń fi Yorùbá gbé ìròyìn jáde, tí àwọn ènìyàn ń kà á lórí fóònù wọn, tí wọ́n sì ń jiyàn lé e lórí. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní 1997, ẹnu kò dákẹ́ ní ilé wa: bàbá ń dá Àjàní lẹ́bi, àwọn ọmọ ń gbèjà rẹ̀. Òǹwòran Yorùbá mọ àríyànjiyàn ṣe. Kí ni ó dé tí òǹkàwé Yorùbá inú yunifásítì fi dákẹ́ bí ẹni tí ó bu omi sẹ́nu?

Àwọn mìíràn yóò wí pé ìwé wọ́n. Òtítọ́ ni; owó ń ni wá lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà kan ṣoṣo lè kárí ènìyàn mẹ́wàá nínú yàrá ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹni mẹ́wàá náà bá fẹ́ kà á. Ẹ̀yin olùkọ́ pẹ̀lú, ẹ wo iye tí a ń ná lórí aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dún, kí ẹ tó sọ fún mi pé ìwé wọ́n.

Ẹlòmíràn yóò wí pé bí a bá sọ àléébù ọmọ tuntun, ọkàn rẹ̀ yóò bàjẹ́, kò ní kọ̀wé mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo tìtorí rẹ̀ sọ ìtàn tíṣà obìnrin yẹn. Ìyìn èké ni ó kó ìwé rẹ̀ kejì sínú àpótí. Ẹni tí ó bá sọ ibi tí ìwé mi ti wọ́ fún mi ti ka ìwé mi. Ẹni tí ó ní gbogbo rẹ̀ dára kò tí ì fi hàn mí pé òun ṣí i. Mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé bíbú kọ́ ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ẹni tí ó ń fi òǹkọ̀wé ṣẹ̀sín láti fi hàn pé òun gbọ́n, òun náà kò kàwé; ara rẹ̀ ni ó ń kà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù, ó sì korò. Nígbà tí àwa olùkọ́ bá tilẹ̀ ka ìwé Yorùbá tán, tí a rí nǹkan sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wa fi ń kọ ọ́, sínú ìwé ìròyìn ọ̀mọ̀wé tí òǹkọ̀wé náà kò ní rí láé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìgbéga wà. Ẹ̀bùn lítíréṣọ̀ tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, èyí tí NLNG dá sílẹ̀ ní 2004, ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ni ó ń gbà. Kò sí ìwé Yorùbá tí yóò dé iwájú adájọ́ wọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni ó kù tí yóò ṣe adájọ́ ìwé Yorùbá bí kò ṣe àwa? Bí àwa náà bá wá gbé ìdájọ́ wa lọ sí inú èdè mìíràn, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹkọ̀wé láti iwájú, a sì tún ti ẹ̀yìn pẹ̀lú.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ yìí nìyí. Kí olóòtú wa fi ojú ewé mẹ́rin sílẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí, nígbà gbogbo tí ó bá ń jáde, fún ìdájọ́ òǹkàwé lórí ìwé ìtàn àròsọ tuntun. Kí ó jẹ́ Yorùbá. Kí ẹni tí ó kọ ọ́ fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ì báà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ì báà jẹ́ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Kí ó ti ka ìwé náà tán. Bí kò bá sì lè kà á tán, kí ó sọ ojú ewé tí ó ti gbé e kalẹ̀ àti ohun tí ó mú un gbé e kalẹ̀. Kí ó sọ ibì kan tí ìtàn náà ti wọ́, kí ó sì sọ ibì kan tí òun yóò gbèjà níwájú ẹnikẹ́ni. Bí òǹkọ̀wé bá fẹ́ fèsì, kí a fún un láyè.

N kò ní dá ohun tí n kò lè ṣe fún ẹlòmíràn. Mo ti ka ìwé obìnrin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ̀ẹ̀mejì ni, mo sì kọ ìdájọ́ mi ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo kọ nìyí ní ṣókí. Orí kẹrin kò dára lóòótọ́. Ìtàn ń sáré bọ̀, ó sì dúró lójijì kí ó lè ṣe ìsọmọlórúkọ fún ojú ewé mọ́kànlá: wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu wò, wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ, wọ́n fi obì, orógbó àti ataare ṣàdúrà. Ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ náà kò sì tún hàn mọ́ nínú ìwé. Gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀, ìyá arúgbó, awakọ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, òwe ni wọ́n ń pa, bí ẹni pé ẹnu kan ni wọ́n jọ ní. Ṣùgbọ́n orí kẹsàn-án, níbi tí ọmọbìnrin náà ti gbọ́ òtítọ́, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kankan, tí ó kàn ń bá a lọ láti ro ọkà títí ọkà fi jóná, n kò tí ì rí èyí tí ó jù ú lọ nínú gbogbo ìwé tuntun tí mo ti kà láti ìgbà náà. Èmi yóò gbèjà orí náà níwájú ẹnikẹ́ni.

Ó fèsì. Ó ní òun pẹ̀lú ti mọ̀ pé ìsọmọlórúkọ náà kò ní iṣẹ́ kankan ní ibẹ̀. Ó ní òun fi í sí i nítorí òun mọ̀ pé àwọn yunifásítì yóò wá àṣà nínú ìwé náà, àti pé láìsí àṣà, ìgbìmọ̀ ìdánwò kò ní yà á sọ́tọ̀.

Ẹ gbọ́ bí! Orí tí ó bà jẹ́ yẹn, àwa ni a kọ ọ́. Ìbéèrè wa ni ó kọ ọ́, ìyìn wa ni ó tẹ̀ ẹ́.

Títí di bí mo ti ń kọ èyí, ìwé kejì ṣì wà nínú àpótí. Ó ní òun ń rò ó. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ mi le jù, kí ó dìde sí mi nínú ojú ewé tí ó ń bọ̀. Inú mi yóò dùn. Ṣùgbọ́n kí ó mú ìwé ìtàn àròsọ tuntun kan lọ́wọ́ bọ̀, nítorí ìbéèrè kan ṣoṣo ni n óò kọ́kọ́ bi í: ojú ewé wo ni o kà dé?